Ọyún Gbẹ, Àtọ̀sí Kò Lọ: Ẹ Jẹ́ Kí Láàbù Gbin Kòkòrò Náà Wò!

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àpèjúwe, kó lè yé tọmọdé tàgbà. Ká ní fọkanáísà kan wà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, tí ìyàwó rẹ̀ ń ta ata ní ọjà Bódìjà. Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ọ̀gbẹ́ni yìí wọ mọ́tò lọ sí Èkó láti lọ ra táyà, ó sì sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ méjì. Ohun tó ṣe níbẹ̀, òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kẹrin tó padà dé ni ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ta á bí ẹni da omi ata sójú egbò. Tó bá fẹ́ tọ̀, àfi kó kọ́kọ́ di ògiri mú. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, ọyún ti ń kán sí i ní ṣòkòtò, ó ki, ó sì pọ́n bí ìyeyè.

Kò sọ fún ìyàwó. Kò sọ fún ọ̀rẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó yọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nǹkan sí ara gbígbóná."

Oníkẹ́mísì wò ó láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ara gbígbóná tòkè ni àbí tìsàlẹ̀?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ka kápúsù aláwọ̀ méjì mẹ́fà sínú bébà, ó gba owó. Fọkanáísà gbé méjì mì lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi bíà sìn ín. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ọyún ti gbẹ, ìtọ̀ kò sì ta á mọ́. Ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó padà sídìí táyà rẹ̀, ó sì padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

Ká ní ọdún mẹ́ta ti kọjá. Aláta kò lóyún. Ìyá ọkọ ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ sábẹ́ ẹnu: "Ìyàwó wa, ọdún kẹta rè é o. Ṣé kò sí nǹkan?" Wọ́n ti mú un lọ sílé aládùúrà, wọ́n ti mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, ó ti mu àgbo títí ẹnu rẹ̀ fi korò. Obìnrin ni gbogbo ayé ń wò. Kò sẹ́ni tó bi fọkanáísà pé, "Ìwọ ńkọ́? Kí lo gbé mì lálẹ́ ọjọ́ yẹn?"

Àpèjúwe ni o, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlọ́. Irú rẹ̀ pọ̀ ládùúgbò, ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ohun tó sì dunni jù níbẹ̀ ni pé ọ̀nà wà tí wọn ì bá fi mọ irú kòkòrò tó wọ ara ọkùnrin yìí, àti oògùn tó lè pa á pátápátá. Ọ̀nà náà ni kí wọ́n gbin kòkòrò ọ̀hún ní láàbù bí àgbẹ̀ ṣe ń gbin àgbàdo.

KÍ NI ÀTỌ̀SÍ GAN-AN?

Àtọ̀sí kì í ṣe èpè. Kì í ṣe oòrùn ló ń fà á. Kì í sì í ṣe pé èèyàn lọ jókòó sórí ṣáláńgá ẹlòmíràn. Kòkòrò ló ń fà á, kòkòrò tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Albert Neisser ló kọ́kọ́ tọ́ka sí i nínú ọyún àwọn tó ní àrùn náà ní ọdún 1879. Orúkọ ọkùnrin yìí ni wọ́n fi sọ ọ́: Neisseria gonorrhoeae.

Ibi tó lómi, tó sì móoru nínú ara èèyàn ni kòkòrò yìí fẹ́ràn: ọ̀nà ìtọ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, ihò ìdí, àní ọ̀nà ọ̀fun pàápàá. Bó bá bọ́ síta tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, tó gbẹ, kíá ló ń kú. Nítorí náà, ara èèyàn sí ara èèyàn ló ń gbà, nípa ìbálòpọ̀, tàbí láti ara ìyá sí ara ọmọ nígbà ìbí.

Ibi tí ọgbọ́n àrékérekè rẹ̀ wà ni pé kì í bá ọkùnrin àti obìnrin jà bákan náà. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin yóò rí ọyún láàárín ọjọ́ méjì sí márùn-ún tí wọ́n kó o. Ọ̀pọ̀ obìnrin kì í rí nǹkan kan. Obìnrin á máa lọ sọ́jà, á máa ná ọjà, á máa rẹ́rìn-ín, kòkòrò á sì máa gun òkè lọ jẹ́jẹ́. Yóò wọ ilé ọmọ, yóò dé inú ọ̀nà tóóró méjì tí ẹyin obìnrin ń gbà kọjá. Ibi tó bá ti jà, àpá ló ń dá síbẹ̀. Bí àpá bá dí ọ̀nà méjèèjì, ẹyin kò ní lè pàdé àtọ̀, oyún kò sì ní dúró. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, oyún lè dúró sínú ọ̀nà tóóró yẹn dípò ilé ọmọ, èyí tó lè gba ẹ̀mí obìnrin. Bí aláboyún bá sì bímọ tòun ti kòkòrò yìí lára, ó lè wọ ojú ọmọ tuntun, bí wọn ò bá sì tètè tọ́jú rẹ̀, ojú ọmọ lè fọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun nìkan ló ṣe é ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020 nìkan, àgbàlagbà tó kó àtọ̀sí káàkiri ayé tó mílíọ̀nù 82. Lára wọn, ọlọ́lá wà níbẹ̀, mẹ̀kúnnù wà níbẹ̀.

AṢỌ ẸGBẸ́ KAN NÁÀ, ỌMỌ ÌYÁ Ọ̀TỌ̀Ọ̀TỌ̀

Oníkẹ́mísì rí ọyún, ó ní àtọ̀sí ni. Ó lè jóòótọ́. Ṣùgbọ́n àtọ̀sí nìkan kọ́ ló ń mú kí ìtọ̀ ta èèyàn. Kòkòrò mìíràn wà tó ń jẹ́ klamídíà. Ọyún tirẹ̀ sábà máa ń ṣàn, kì í ki tó ti àtọ̀sí, ó sì lè má jáde rárá, ṣùgbọ́n ó ń ba ilé ọmọ jẹ́ bíi ti àtọ̀sí. Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní Mycoplasma genitalium, èyí tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rí ní London lára àwọn ọkùnrin tí ọ̀nà ìtọ̀ ń dùn, ní nǹkan bí ọdún 1980.

Bí èèyàn mẹ́ta bá wọ aṣọ ẹgbẹ́ kan náà wá sóde, a ò lè tìtorí aṣọ sọ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Oògùn tó pa àkọ́kọ́ lè má ṣe ẹ̀kejì ní nǹkan kan. Èyí tó tún burú ni pé méjì nínú wọn lè jọ wà lára ẹnì kan ṣoṣo. Kápúsù lè lé ọ̀kan lọ, èkejì á sì jókòó sínú ilé bí ẹni san owó ilé.

BÍ WỌ́N ṢE Ń GBIN KÒKÒRÒ

Àgbẹ̀ tí wọ́n fún ní irúgbìn tí kò mọ̀, kí ni yóò ṣe? Yóò gbìn ín sílẹ̀, yóò bomi rin ín, yóò sì dúró wo irú ewé tó máa hù. Ohun tí àwọn ará láàbù ń ṣe náà nìyẹn.

Wọ́n á kọ́kọ́ mú díẹ̀ nínú ọyún. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á ní kó má tíì tọ̀ fún bíi wákàtí kan ó kéré tán, kí ìtọ̀ má baà fọ kòkòrò lọ. Wọ́n á fi igi tínínrín kan tí wọ́n wé nǹkan rírọ̀ sí lórí kan ojú ihò ìtọ̀. Ó lè ta èèyàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Bó bá jẹ́ obìnrin, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà á mú un láti ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ gan-an. Ohun pàtàkì kan rè é o: ẹni tó bá ti gbé kápúsù mì kó tó wá, ó ti da oògùn sórí irúgbìn. Kòkòrò lè má hù, kì í ṣe pé kò sí níbẹ̀, ara rẹ̀ ni kò tíì le.

Wọ́n á fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ra ojú díńgí kékeré kan, wọ́n á sì fi aró oríṣiríṣi kùn ún. Hans Christian Gram, dókítà ará Denmark, ló gbé ọgbọ́n aró yìí jáde ní ọdún 1884. Bí wọ́n bá wò ó nínú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, kòkòrò àtọ̀sí á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọ́n á wà ní méjì-méjì bí awẹ́ obì tó kọjú síra wọn, wọ́n á sì kún inú ẹ̀jẹ̀ funfun tó wà nínú ọyún. Fún ọkùnrin tí ọyún ń jáde lára rẹ̀, àyẹ̀wò yìí nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti dá àtọ̀sí mọ̀. Ṣùgbọ́n fún obìnrin, awò yìí lè má rí bí ìdajì àwọn tó ní i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ gbìn ín.

Kòkòrò àtọ̀sí ṣòro bọ́ bí ọmọ àkẹ́jù. Oúnjẹ lásán kò tó o. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń se oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n á mú ẹ̀jẹ̀ ẹran, wọ́n á gbé e sínú omi gbígbóná títí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà á fi tú jáde, tí àwọ̀ rẹ̀ á sì di ti ṣokoléètì. Ṣokoléètì náà ni wọ́n ń pè é ní láàbù, bẹ́ẹ̀ ṣokoléètì kankan kò sí níbẹ̀. Wọ́n á dà á sínú àwo pẹlẹbẹ olómorí, yóò sì dì bí ẹ̀kọ tútù.

ÌYÀWÓ ILÉ LÓ YỌ ÀWỌN Ọ̀MỌ̀WÉ

Ẹ̀yin ìyá tó ń dáná, ẹ gbọ́ èyí. Láyé àtijọ́, ohun tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ kòkòrò dì kò dára. Tí ooru bá ti mú un díẹ̀, yóò yọ́ di omi. Dókítà kan tó ń jẹ́ Walther Hesse ń bá iṣẹ́ yìí jìjàkadì ní Jámánì ní ọdún 1881. Ìyàwó rẹ̀, Fanny, tó máa ń bá a ṣiṣẹ́, ló sọ fún un pé kó lo nǹkan tí òun fi ń mú oúnjẹ dì nílé ìdáná: agár, tí wọ́n ń yọ lára koríko òkun. Aládùúgbò kan tó ti gbé ní Java, ní ilẹ̀ Éṣíà, ló kọ́ obìnrin náà bí wọ́n ṣe ń lò ó. Agár kì í yọ́ nínú ooru tí kòkòrò fẹ́. Nígbà tí Robert Koch, ọ̀gá àwọn onímọ̀ kòkòrò nígbà náà, mẹ́nu ba agár nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1882, kò dárúkọ obìnrin yìí. Ṣùgbọ́n títí di òní, kò sí láàbù tó ń gbin kòkòrò tí kì í lo ọgbọ́n ilé ìdáná rẹ̀.

Oúnjẹ wà, ṣùgbọ́n èpò ń bẹ. Inú ara wa kún fún kòkòrò mìíràn tí kò ṣe wá ní nǹkan kan, bí wọ́n bá sì rí oúnjẹ aládùn báyìí, wọ́n á yára hù bo àtọ̀sí mọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Thayer àti Martin, ló rí ojútùú sí i ní nǹkan bí ọdún 1964. Wọ́n da oògùn apakòkòrò tí kì í pa àtọ̀sí pọ̀ mọ́ oúnjẹ náà. Èpò á kú, àtọ̀sí á hù. Ó dà bí ìgbà tí àgbẹ̀ fín oògùn tó ń pa koríko, tí kò sì pa àgbàdo.

Ó tún ku afẹ́fẹ́. Kòkòrò yìí fẹ́ irú afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí síta. Láàbù tí kò lówó ẹ̀rọ olówó ńlá, àbẹ́là ni wọ́n ń lò! Wọ́n á kó àwo náà sínú ìgò ńlá olómorí, wọ́n á tan àbẹ́là funfun kan sínú rẹ̀, wọ́n á dé e pa. Nígbà tí àbẹ́là bá fúnra rẹ̀ kú, afẹ́fẹ́ tó kù nínú ìgò ti di èyí tí kòkòrò fẹ́. Wọ́n á wá gbé e sínú àpótí tó móoru bí ara èèyàn, ìwọ̀n bíi 35 sí 37, fún ọjọ́ kan sí méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Kò gbọ́dọ̀ wọ fíríìjì o, òtútù á pa á.

Bó bá hù, yóò dà bí ìrì wínníwínní tó sẹ̀ sójú àwo, aláwọ̀ eérú, tó ń dán. Wọ́n á kán omi oògùn kan sí i. Bó bá di àwọ̀ àlùkò láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọ̀kan nínú ìdílé Neisser ni. Wọ́n á tún fún un ní oríṣiríṣi ṣúgà jẹ. Àwọn ẹbí rẹ̀ kan ń jẹ oríṣi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àtọ̀sí ní tirẹ̀, ṣúgà kan ṣoṣo tó ń jẹ́ glúkóòsì ló ń jẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá a mọ̀ pátápátá.

Níkẹyìn ni ohun tí gbogbo rẹ̀ dá lé lórí. Wọ́n á tẹ́ kòkòrò náà sójú àwo tuntun, wọ́n á sì to bébà roboto kéékèèké lé e lórí. Oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára bébà kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Bébà tí ojú àwo yí i ká bá mọ́ gbalaja, oògùn yẹn ń pa kòkòrò ọ̀hún. Bébà tí kòkòrò hù dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, oògùn yẹn kò lè ṣe é ní nǹkan kan, bí èèyàn tilẹ̀ gbé ogún rẹ̀ mì.

EGBÌNRÌN Ọ̀TẸ̀, BÍ A ṢE Ń PA Ọ̀KAN NI Ọ̀KAN Ń RÚ

Ẹnì kan lè ní, "Ṣebí bàbá wa náà gba abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì, ara rẹ̀ sì yá?" Òótọ́ ni. Nígbà tí pẹnisílìnì dé ní bíi ọdún 1943, ìyanu ló jẹ́ fún àtọ̀sí. Oògùn tó wà ṣáájú rẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní súfà, ti ń rẹ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n kòkòrò náà ń kọ́ ọgbọ́n. Ọdún ń gorí ọdún, ìwọ̀n pẹnisílìnì tí wọ́n ń lò ń pọ̀ sí i. Nígbà tó di ọdún 1976, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí àtọ̀sí tó ń pèsè ohun tó ń fọ́ pẹnisílìnì sí wẹ́wẹ́. Wọ́n tọ ipasẹ̀ oríṣi kan lọ sí apá Ìlà-Oòrùn Éṣíà, wọ́n sì tọ ipasẹ̀ èkejì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ́dọ̀ wa níbí. Gbígbìn ni wọ́n fi mọ̀.

Tẹtirasáíkílìn náà rẹ̀. Síprò dé, gbogbo ayé pariwo rẹ̀, òun náà rẹ̀. Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má fi wo àtọ̀sí mọ́ ní ọdún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sì sọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2016. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní sẹfitiráksónì ló kù tí gbogbo ayé gbára lé jù. Síbẹ̀, wọ́n ti rí àtọ̀sí tí abẹ́rẹ́ yìí kò ràn ní ìlú Kyoto, ní Japan, ní ọdún 2009, wọ́n sì tún rí i lára ọkùnrin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2018.

Ta ló ń kọ́ kòkòrò ní ọgbọ́n yìí? Kápúsù mẹ́fà inú bébà wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀. Oògùn tí kò pé á pa àwọn tí kò lágbára, á dá àwọn alágbára sí. Ọyún á gbẹ, olówó kápúsù á rò pé ó ti tán. Ó dà bí ẹni mú olè, tó nà án ní pàṣán kan, tó sì jẹ́ kó lọ. Olè yóò padà wá, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, yóò ti mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

IBI TÍ AGBÁRA GBÍGBÌN MỌ

Kò sí ohun tó mọ gbogbo nǹkan ṣe. Klamídíà kì í hù lójú àwo. Inú ẹ̀yà ara tó wà láàyè nìkan ló ń gbé, bí àfòmọ́ lára igi. Mycoplasma genitalium náà, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó hù. Fún irú àwọn wọ̀nyí, àyẹ̀wò ìgbàlódé kan wà tó ń wá àmì kòkòrò náà gan-an, ìtọ̀ lásán sì tó láti fi ṣe é. Ó yára, ojú rẹ̀ sì mú ju gbígbìn lọ láti rí àtọ̀sí pàápàá. Níbi tó bá wà, ó dára kí èèyàn ṣe é. Ṣùgbọ́n ó lè sọ pé olè wọlé láìsọ irú pàṣán tó máa lé e. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ṣì fi ń gbin àtọ̀sí, pàápàá jù lọ fún ẹni tó ti gba oògùn tí kò sàn.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ "stáfù" tó gbòde kan. Ẹni tí inú ń run, stáfù. Ẹni tí kò rí ọmọ bí, stáfù. Wọ́n á sì ta ìgò oògùn fún un. Stáfù ń gbé ní imú àti ní ara ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò ṣàìsàn. Bí wọ́n bá gbin nǹkan tí stáfù hù, ó lè jẹ́ pé ara ló ti bá igi àyẹ̀wò wọlé. Dókítà ló yẹ kó wo bébà àyẹ̀wò náà kó tó sọ ohun tó túmọ̀ sí, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ ta oògùn.

KÍ LÓ YẸ KÍ FỌKANÁÍSÀ ṢE?

Ká padà sí Mọ́kọ́lá. Ká ní lálẹ́ ọjọ́ kan, fọkanáísà gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń sunkún nínú òkùnkùn. Ó jókòó tì í.

"Ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti sọ fún ọ láti ọdún kẹta. Mo ṣe àìsàn kan. Mo rò pé ó ti lọ."

Aláta dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. "Gbogbo àgbo tí mo mu yìí ńkọ́, Dádì? Gbogbo èébú tí Màámi bú mi?"

Kò sí èsì sí ìyẹn. Àforíjì nìkan ló wà, àti pé kí àwọn méjèèjì jọ dìde nílẹ̀ ọ̀la lọ sí ọsibítù. Àwọn méjèèjì o! Bí ẹnì kan bá gba ìtọ́jú tí èkejì kò gbà, eré pípadà-bọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó wà l'Ékòó náà, bó bá ṣeé rí, ó yẹ kó gbọ́. Kí wọ́n sọ gbogbo oògùn tí wọ́n ti lò fún dókítà. Kí wọ́n bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè gbin èyí fún wa, kí ẹ sì wo oògùn tó ń pa á?" Bí dókítà bá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kí èsì tó dé, kí wọ́n gbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n ti mú ọyún sílẹ̀ fún láàbù ná. Kí wọ́n lo oògùn tán, kí wọ́n má sì bára wọn lò pọ̀ títí dókítà yóò fi ní ó ti yá, èyí tí kì í dín ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìtọ́jú àwọn méjèèjì.

Ṣé aláta yóò wá lóyún? Òótọ́ kì í ṣe adùn lẹ́nu nígbà gbogbo. Oògùn lè pa kòkòrò, kò lè pa àpá tó ti dá sílẹ̀ rẹ́. Dókítà ní láti wo ọ̀nà ẹyin rẹ̀ bóyá ó ṣí tàbí ó ti dí, kí wọ́n sì yẹ ọkùnrin náà wò dáadáa. Bí ọ̀kan bá ṣì là, ìrètí ń bẹ. Bí méjèèjì bá dí, ó di ọ̀ràn iṣẹ́ abẹ tàbí ọ̀nà mìíràn tí owó rẹ̀ ga. Ká ní ọkùnrin yìí ti lọ sí láàbù lọ́jọ́ tí ìtọ̀ kọ́kọ́ ta á ni, tó sì mú ìyàwó rẹ̀ dání, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin péré ni wọn ì bá fi mọ irú kòkòrò náà àti oògùn tó ń pa á.

Nítorí náà, ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin ìyálọ́jà tó ní ọmọkùnrin nílé: ẹni tí ìtọ̀ bá ń ta, kó má ṣe tìjú. Kápúsù inú bébà kò mọ orúkọ kòkòrò tó fẹ́ pa. Láàbù ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, kẹ́ ẹ tó ní ìyàwó yàgàn, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ yín léèrè ohun tó gbé mì. Àwọn àgbà sì ti wí i: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè tàbí àfikún lórí ọ̀rọ̀ yìí, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà. Kò pọn dandan kó fi orúkọ sí i.